Òtítọ́ Dọ́jà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àdéhùn Àyẹ̀wò Ètò Kọ̀ǹpútà Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Nínú ìwé àjọ̀dún bí èyí, ohun tí a sábà ń kà ni ìtàn àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti lọ sinmi, orúkọ àwọn tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ wá sílé, àti ìrántí oúnjẹ ilé ibùgbé wa, èyí tí ọjọ́ pípẹ́ ti jẹ́ kí ó dùn lẹ́nu wa ju bí ó ti dùn nígbà tí a ń jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwa mú wá kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kan owó yín, ó kan orúkọ rere àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ó sì kan ìwé àbájáde ìdánwò àwọn ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí a ṣe ń bá àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ètò kọ̀ǹpútà wò ṣe àdéhùn, kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé ètò náà.

Ní ìpàdé gbogbogbò wa tí ó kọjá, ìbéèrè kan jáde tí a kò rí àyè dáhùn ní kíkún. Arákùnrin wa kan dìde, ó ní: “Ẹ̀yin àgbà wa, a ti sanwó fún àwọn tí ó kọ ètò yìí. Kí ló dé tí a tún ń sanwó fún àwọn mìíràn pé kí wọ́n wá wò ó? Bí mo bá gbé aṣọ fún tẹ́là, ṣé mo tún ń gba tẹ́là mìíràn láti wá ka ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni?” Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, nítorí owó àjọni ni, ẹni tí ó bá sì ń ná owó àjọni gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ó fi rà. Ìdáhùn wa nìyí.

Àwa márùn-ún ni ẹgbẹ́ yàn láti bá ilé ẹ̀kọ́ ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa kọ owó ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí yóò máa ṣírò máàkì, tí yóò sì máa fi ìwé àbájáde ránṣẹ́ sí orí fóònù àwọn òbí. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì ni ó wà nínú wa, àti olùṣirò owó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìyá wa kan tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní báńkì, àti àbúrò wa kan tí ó jáde níhìn-ín lẹ́yìn wa pẹ́ gan-an, tí yíyẹ ètò kọ̀ǹpútà wò sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní Èkó. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bá wọn du iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òun ni ó là wá lójú sí púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Àwa tí a wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ yìí láàrin ọdún 1970 sí 1979 mọ bí ìdánwò ṣe rí nígbà náà. Ọdún márùn-ún ni a fi ń kàwé, ní ìparí ọdún karùn-ún ni WASC sì ń dé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ó ń ṣe ìdájọ́ ọdún márùn-ún. Bí ẹnìkan kò bá ti lóye ìṣirò láti kíláàsì kejì, ó lè fi ìtìjú bò ó títí di ọjọ́ tí èsì yóò jáde, nígbà tí ẹ̀pa kò ní í bóró mọ́. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì àti ti ìdánwò kéékèèké kún ti ìdánwò ìparí. Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa ráhùn pé iṣẹ́ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń dán ọmọ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe.

Bákan náà ni ó rí nínú iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ sínú ìwé, kí agbaṣẹ́ṣe lọ kọ gbogbo rẹ̀, kí a sì wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ìparí. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, àwọn ọkùnrin mẹ́tàdínlógún tí wọ́n jẹ́ ògbógi nínú iṣẹ́ yìí pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ìwé ìpolongo kúkúrú kan jáde lórí ọ̀nà iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Agile. Kókó rẹ̀ ni pé kí a máa ṣe iṣẹ́ ní ìpele kéékèèké, kí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa jáde ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó ni iṣẹ́ máa wò ó, kí a sì máa yí padà bí òye wa bá ti ń pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú ìlànà yìí, àyẹ̀wò kì í dúró de òpin. Láti ìpele kìíní ni olùyẹ̀wò ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwé kan náà sọ pé àjọṣe pẹ̀lú oníbàárà ṣe iyebíye lójú wọn ju àríyànjiyàn lórí àdéhùn lọ. Àwọn kan ti gba èyí sí pé Agile kò nílò ìwé àdéhùn, pé kí a ṣáà fọkàn tán ara wa. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní èkejì náà níye lórí, ṣùgbọ́n èkínní wúwo jù ú lọ. Àwa tí a ti so ọ̀pọ̀ tọkọtaya pọ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú ilé dúró, síbẹ̀ a kì í jẹ́ kí wọ́n jáde nínú ilé Ọlọ́run láìfọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò bá dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, ojú òpó tí àwọn ará ìlú yóò ti máa ra adójútòfò ìlera. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni ó pín iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú òpó náà sì dákú. Àkọsílẹ̀ tí ó jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé ẹni mẹ́fà péré ni ó forúkọ sílẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ kìíní. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pe àwọn agbaṣẹ́ṣe náà ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kan náà, wọ́n jẹ́rìí pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn kí ọjà tó ṣí ni a tó yẹ gbogbo ètò náà wò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olúkúlùkù ti yẹ apá tirẹ̀ wò. Ibi tí apá kan ti so mọ́ èkejì ni wàhálà wà. Ó gba nǹkan bí oṣù méjì àtúnṣe, tọ̀sán-tòru, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè lò ó bí ó ti yẹ.

Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti jọ̀wọ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Virtual Case File ní 2005, lẹ́yìn tí nǹkan bí mílíọ̀nù 170 dọ́là ti wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé òmíràn fún agbaṣẹ́ṣe ní 2006, wọ́n pè é ní Sentinel. Nígbà tí yóò fi di 2010, iṣẹ́ ti falẹ̀, owó sì ti lọ jìnnà. FBI gba àkóso iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó dín iye òṣìṣẹ́ kù, ó pín iṣẹ́ sí ìpele ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a sì ń fi ohun tí ó ti parí hàn ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ètò náà dé ọwọ́ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí kò jẹ́ kí àwa márùn-ún sùn ni ti Post Office ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1999 ni wọ́n ti ń lo ètò ìṣirò owó kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Àwọn alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ní àwọn ìletò àti àdúgbò ni ó ń lò ó. Nígbà tí ètò náà bá sọ pé owó dín, wọn yóò ní kí alábòójútó san án. Bí kò bá rí i san, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ bí olè. Láàrin 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí a dá lẹ́bi nítorí ẹ̀rí tí ó ti inú ètò náà wá. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan pàdánù ilé wọn. Àwọn kan kú kí a tó dá wọn láre. Òfin ibẹ̀ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ títí ẹnìkan yóò fi mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí yìí kan náà sì ni ìyá onílé ìtajà kékeré kan kò lè rí mú wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga sọ ọ́ gbangba pé kùdìẹ̀-kudiẹ wà nínú Horizon tí ó lè fa àìpé owó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi ẹni 39. Ní 2024, ilé aṣòfin fi òfin wẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn mìíràn mọ́.

Ẹ wá fi ojú ilé ẹ̀kọ́ wa wo ìtàn yìí. Ètò tí a ń rà yóò máa sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ọmọ lágbájá kò tíì sanwó. Yóò máa sọ pé owó tí ó wà lọ́wọ́ akápò kò pé. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ kan yóò padà sílé pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kan yóò sì di olè lójú gbogbo ayé. Ohun tí ó mú wa fi ìṣọ́ra ka ìwé àdéhùn nìyẹn.

Ìwé tí agbaṣẹ́ṣe tí yóò kọ ètò náà kọ́kọ́ gbé wá fún wa ní gbólóhùn kan ṣoṣo nípa àyẹ̀wò: pé ní ìparí iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ yóò yẹ ètò náà wò, wọn yóò fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó dára, àwa yóò sì san ìdá owó tí ó kù. A kò pè wọ́n ní ènìyàn burúkú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun máa máàkì ìwé ìdánwò ara òun, kí a sì fún òun ní ẹ̀bùn bí máàkì náà bá ti pọ̀ tó, a ó rẹ́rìn-ín. Àbúrò wa sọ gbólóhùn kan tí a kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà: “Bàbá, ẹ má ṣe sanwó fún olùyẹ̀wò kí ó lè sọ pé ó dára. Ẹ sanwó fún un kí ó lè sọ bí ó ti rí.”

Àwọn baba wa ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ohun tí ìwé àdéhùn àyẹ̀wò wà fún ni láti yí ọjà náà padà, kí ó jẹ́ òtítọ́ ni owó lọ́wọ́ yóò máa rà. A dá ìwé náà padà, a sì fi ohun márùn-ún sínú tuntun.

Èkínní, ta ni olùyẹ̀wò ń ṣiṣẹ́ fún? Níbí ni ó ti gba wá ní ọ̀rọ̀ jù. Ọgbọ́n Agile ni kí olùyẹ̀wò jókòó ti ẹni tí ó ń kọ ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí àṣìṣe tí a dá ní òwúrọ̀ lè di mímọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọgbọ́n àdéhùn ni kí olùyẹ̀wò má ṣe wà lábẹ́ ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fa ara wọn. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ojú yóò máa ti olùyẹ̀wò láti sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, wọn yóò di ọlọ́pàá àti afurasí, ẹnìkan yóò máa fi nǹkan pamọ́ fún ẹnìkejì. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ àdéhùn méjì. Àwa ni a ń sanwó fún olùyẹ̀wò, àwa nìkan ni a sì lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó ń bá àwọn tí ó ń kọ ètò jókòó nínú ìpàdé wọn ojoojúmọ́. Ohun tí ó bá rí, ojú ìwé kan ni ó ń kọ ọ́ sí, níbi tí agbaṣẹ́ṣe, akápò àti ìgbìmọ̀ wa yóò ti rí i lọ́jọ́ kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́ láìkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. A tún fi sínú àdéhùn ti agbaṣẹ́ṣe pé ó gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ rẹ̀ fún olùyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà. Bí àdéhùn méjì kò bá mọ ara wọn, olùyẹ̀wò yóò gba owó wa, yóò sì máa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Èkejì, lórí kí ni a ó fi sanwó? Bí a bá dá owó lé ọjọ́ tí ètò bá yege, a ti ra irọ́ sílẹ̀. Bí a bá sì dá a lé iye àṣìṣe tí olùyẹ̀wò rí, yóò máa ka lẹ́tà tí ó wọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀wà, yóò sì fi àṣìṣe ńlá tí ó gba ọjọ́ mẹ́ta láti wá rí sílẹ̀. A yàn láti sanwó ìpele ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, iye kan náà, ì báà jẹ́ ìròyìn ayọ̀ tàbí ti ìbànújẹ́ ni ó mú wá. A fi gbèdéke lé gbogbo owó náà, kí ó má ṣe di ihò tí kò nísàlẹ̀. A sì gbà pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè fòpin sí i ní ìparí ìpele èyíkéyìí. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ 18F, kí ìjọba tó tú u ká ní 2025, kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ń fi owó ìjọba ra ètò kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ràn rẹ̀ bá èyí mu: kí a sanwó iye àkókò iṣẹ́, kí a fi gbèdéke lé e, kí a sì kọ ìwọ̀n dídára tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé sínú àdéhùn.

Ẹ̀kẹta, kí ni ìtumọ̀ “ó ti parí”? Nínú ìlànà Agile, a kò lè ka gbogbo ohun tí ètò yóò máa ṣe sílẹ̀ ní ọjọ́ àdéhùn, nítorí yóò yí padà. Ohun tí a lè kọ ni ipò tí ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà kí a tó gbà á. A kọ ọ́ pé ó gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára, nítorí irú rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn òbí wa. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń sanwó lọ́wọ́, owó náà kò gbọdọ̀ sọnù, kò sì gbọdọ̀ di ìlọ́po méjì. Akápò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lò ó níṣojú olùyẹ̀wò. Bí ohun tuntun kan bá sì ti wọlé, gbogbo àyẹ̀wò àtẹ̀yìnwá ni a ó tún ṣe látòkè délẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń tún fèrèsé ṣe lè mi ògiri.

Ẹ̀kẹrin ni orúkọ àwọn ọmọ wa. Ó rọrùn fún olùyẹ̀wò láti gba àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́, kí ó fi máa dán ètò wò. A kọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní òfin tí ó dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó bò. Kódà bí òfin kò bá sí, máàkì ọmọ ọlọ́mọ àti gbèsè bàbá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí àjèjì máa gbé kiri lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ àfinúrò ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ̀karùn-ún, ta ni ó ni àyẹ̀wò náà? Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ni a ń kọ sílẹ̀ ní kóòdù, kí kọ̀ǹpútà lè máa tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bí olùyẹ̀wò bá kó wọn lọ nígbà tí àdéhùn parí, ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Àdéhùn wa sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó ni wọ́n, ní ìpele-ní-ìpele.

Ṣé ohun tí a rà yìí tó owó rẹ̀? Ní ìpele kẹta, olùyẹ̀wò ṣe bí òbí tí ó san ìdajì owó ní òwúrọ̀, tí ó sì san ìdajì tí ó kù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ètò náà fi owó ìrọ̀lẹ́ rọ́pò ti òwúrọ̀. Ìdajì owó náà pòórá nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni rìsíìtì méjèèjì wà lọ́wọ́ òbí. Ta ni ó ń sanwó báyìí nínú wa? Ìyá tí ó ń ta ata ni, ẹni tí ó san èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjà tó kún, tí ó sì padà wá pẹ̀lú èrè ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ni wọn ìbá dá padà sílé. Ẹni tí wọn ìbá sì bi léèrè nípa ìdajì owó tí kò sí nínú ìwé ni akápò wa, obìnrin tí a kò rí àbàwọ́n kan nínú ìṣirò rẹ̀ rí. Agbaṣẹ́ṣe tún un ṣe láàrin ọjọ́ méjì, ó sì dúpẹ́, nítorí ìpele kẹta ni: iṣẹ́ tí a ti kọ́ lé e lórí kò tíì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ni, yóò wà lábẹ́ òkìtì àṣìṣe mìíràn, gbogbo wa yóò sì ti máa wo aago.

A gbọ́dọ̀ sọ òmíràn fún yín, nítorí òun ni ó ṣòro jù lọ, kò sì sí owó tí a lè fi rà á. Àdéhùn irú èyí ń béèrè àkókò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, akápò àti igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ láti wo ohun tí ó ti parí, kí wọ́n sọ èyí tí ó tọ́, kí wọ́n sì yan èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá wá, olùyẹ̀wò kò ní í mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní ẹ̀tọ́, ìdánilójú rẹ̀ yóò sì di àbá. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n wá nígbà gbogbo, àní ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò pàápàá.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àyẹ̀wò lè sọ ètò di aláìlábàwọ́n. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, ti kìlọ̀ tipẹ́ pé àyẹ̀wò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn pé kò sí. Èyí bá ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn mu: ẹni tí ó bá yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò lè rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jáde wá kéde pé òun mọ́. Nítorí náà ni a ṣe bẹ ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ẹ̀kọ́ láti fọwọ́ sí ìlànà kan, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i: a kò ní í dá ọmọ kankan padà sílé, a kò sì ní í fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ kankan, lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ nìkan. Rìsíìtì òbí àti ìwé báńkì ni a ó kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

A wá dé ọ̀dọ̀ arákùnrin wa àti tẹ́là rẹ̀. Òótọ́ ni, a kì í gba tẹ́là mìíràn láti ṣọ́ tẹ́là. Ṣùgbọ́n tẹ́là tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa pè ọ́ kí o wá wọ aṣọ náà wò nígbà tí ó ṣì wà ní fífi abẹ́rẹ́ gán, kí ó tó fi ẹ̀rọ rán an pa. Ìwọ náà a sì jáde síta kí ẹlòmíràn bá ọ wo ẹ̀yìn, nítorí ojú rẹ kò lè débẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń bá wa wo ẹ̀yìn ni a ń sanwó rẹ̀. Aṣọ tí a sì ń rán yìí, kì í ṣe àwa tí a ra á ni yóò wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ wa àti àwọn tí ń tọ́jú owó wọn ni.

Apá owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí báyìí. Apá máàkì àti ìwé àbájáde ni ó kàn, owó tí a ó fi yẹ ẹ́ wò kò sì tíì pé. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi dá dúró nínú ìwé owó tí ẹ ó rí ní ìpàdé àjọ̀dún, tí a kò fi fi í pamọ́ sábẹ́ ti ẹni tí ó kọ ètò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ wá jókòó tì wá ní ọjọ́ ìfihàn kan. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin gan-an ni a ń wá jù: ẹ mú fóònù yín tí ojú rẹ̀ ti fọ́ wá, kí a wo bóyá ètò yìí lè bá a sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó ń wo ọkàn, tí kì í sì í fi ẹ̀bi fún aláìṣẹ̀, bá wa pa ilé ẹ̀kọ́ yìí mọ́. Àjọ̀dún á yabo o.